Orin Tó Burú Tó Sì Tún Dùn: Ìbéèrè Táwọn Èèyàn Máa Ń Bi Wá Lórí Iṣẹ́ Ọnà àti Ìwà Ìbàjẹ́

Ṣé ohun tó burú lè dùn ni? Ẹ dá wa lóhùn tààrà.

Ó lè dùn. Ẹni tó bá ti jó rí sí orin tí kò lè túmọ̀ ẹ̀ fún màmá ẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yẹn fúnra ẹ̀. Ibi tí wàhálà wà kọ́ nìyẹn. Ohun tá à ń jà lé lórí ni pé tí orin, ewì, fíìmù tàbí àwòrán kan bá ń gbé ohun tí ò dáa lárugẹ, ṣé aburú yẹn máa ń bu adùn ẹ̀ kù ni, àbí ṣe ló ń fi kún un, àbí kò tiẹ̀ kan adùn rárá, kí aburú wà láàyè tiẹ̀, kí adùn náà wà láàyè tiẹ̀. Torí ọ̀tọ̀ ni kéèyàn sọ pé "orin yìí ò dáa fún ọmọdé", ọ̀tọ̀ ni kó sọ pé "orin yìí ì bá dùn jù báyìí lọ ká ní kì í ṣe nǹkan tó ń yìn". Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Ti ìkejì ló le.

Ṣebí Yorùbá ti sọ pé ìwà lẹwà, kí la tún ń jiyàn lé lórí?

Èèyàn ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀, wọn ò bá ìlù wí. Àwọn baba wa tó pa òwe yẹn náà ló ń kọ orin ìhòòhò ní gbangba lọ́jọ́ ọdún, àwọn náà ló ń fi oríkì ki jagunjagun tó kó odindi ìlú lẹ́rú, wọn ò sì rí i bí ẹni pé àwọn ń ta ko ara wọn.

Kí làwọn onímọ̀ èrò òyìnbó sọ sí i? Ẹ jọ̀ọ́, kó má ní gírámà nínú.

Kò ní ní gírámà. Ẹ jẹ́ ká pín wọn sí agbo mẹ́ta.

Agbo kìíní gbà pé ìwà ló ni gbogbo ẹ̀. Plato, ará Gíríìsì, ó ti lé ní 2,300 ọdún báyìí, ó ní nínú ìlú tó bá tòrò, kí wọ́n lé àwọn akéwì jáde, kí wọ́n fi kìkì àwọn tó ń kọrin ìyìn sáwọn òrìṣà àtàwọn tó ń yin ẹni rere sílẹ̀ (ẹ fojú inú wo bí rédíò ìlú yẹn ṣe máa rí). Tolstoy ará Rọ́ṣíà tiẹ̀ ṣe ju ìyẹn lọ. Ní nǹkan bí 1898, lẹ́yìn tó ti kọ àwọn ìwé ìtàn tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí, ó jáde ó ní iṣẹ́ ọnà tí ò bá so ọmọ aráyé pọ̀ nínú ìfẹ́ kì í ṣe ojúlówó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ́: ó ti Beethoven síta, ó ti Shakespeare síta, ó wá kó ìwé tiẹ̀ náà síta, ìtàn kúkúrú méjì péré ló kù tó gbà pé ó dáa. Mo kí i, torí ó gé ara ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n òfin tó bá lé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, òfin yẹn gan-an ló yẹ ká mú.

Agbo kejì ní kò sóhun tó kan ọnà kan ìwà. Oscar Wilde, òǹkọ̀wé ará Áyálándì, kọ ọ́ ní 1891 pé kò sí ìwé oníwà rere tàbí ìwé oníwà burúkú, ká sáà ti kọ ọ́ dáadáa tàbí ká kọ ọ́ jágbajàgba, ó parí. Ní 1895, lọ́yà dojú ọ̀rọ̀ yẹn kọ ọ́ ní kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń ka ìwé ẹ̀ sí i létí. Lọ́dún yẹn náà ló wẹ̀wọ̀n ọdún méjì, kì í ṣe torí ìwé o, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé àwọn tó wà níta ò gbà fún un pé ọnà àti ìwà ò mọra wọn rí.

Agbo kẹta ló wà láàárín, òun lèmi fẹ́ràn láti máa bá jiyàn. David Hume ará Skọ́tíláǹdì sọ ní 1757 pé tí ewì kan bá gbé ìwà ìkà kalẹ̀ láìbá a wí, àbùkù gidi nìyẹn jẹ́ sí ewì náà, àbùkù nínú ẹwà ẹ̀. Ó ní òun ò lè fi ọkàn òun bá akọni tó burú rìn. Nígbà tó yá, ní àwọn ọdún 1990, Noël Carroll àti Berys Gaut wá tún un ṣe, ó sì mọ́gbọ́n wá. Wọ́n ní iṣẹ́ ọnà máa ń bẹ èèyàn ní nǹkan. Àwàdà ń bẹ̀ ọ́ kó o rẹ́rìn-ín, ìtàn ìbànújẹ́ ń bẹ̀ ọ́ kó o káàánú. Tó bá wá ń bẹ̀ ọ́ kó o rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí ò yẹ ní rírín, tí ẹ̀rín ò sì wá, iṣẹ́ yẹn ti kùnà ní ibi tóun fúnra ẹ̀ ní òun fẹ́ dé. Ẹ ò wá rí i pé kì í ṣe pásítọ̀ ló ń bá a wí mọ́, òun ló kọsẹ̀ fúnra ẹ̀.

Àwọn kan sì dìde láti dá wọn lóhùn, Daniel Jacobson ní 1997, A. W. Eaton ní 2012, wọ́n ní ẹ dúró ná, àwọn iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé aburú inú ẹ̀ gan-an ló mú un dùn, ẹ bá yọ ọ́, ó parí. Eaton ní akọni burúkú tí Hume ń sá fún yẹn, iṣẹ́ ńlá ni láti mú ká fẹ́ràn ẹ̀ ká sì tún máa bẹ̀rù ẹ̀ pọ̀, òǹkọ̀wé tó bá lè ṣe é ti ṣe bẹbẹ.

Ẹ̀yin ńkọ́, agbo wo lẹ wà?

Mi ò sí nínú ìkankan pátápátá. Nǹkan méjì ni mo máa ń ṣe tí mo bá fẹ́ mọ̀. Àkọ́kọ́, mo máa ń yọ aburú yẹn kúrò lọ́kàn mi, kí n wò ó bóyá adùn ṣì wà. Egungun inú ẹja ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ta ló lè yọ epo kúrò nínú ọbẹ̀ tó ti jinná? Èkejì, èyí ló sì ṣe pàtàkì jù sí mi: mo máa ń béèrè pé ta ni wọ́n fi pa mọ́. Nínú gbogbo ohun tó burú, ẹnì kan wà tó jìyà ẹ̀. Ṣé iṣẹ́ yìí jẹ́ ká rí ẹni yẹn, àbí àfi ká gbójú kúrò lára ẹ̀ kó tó lè dùn? Iṣẹ́ tó jẹ́ pé bó o ṣe ń mọ̀ sí i ló ń dùn sí i, àti èyí tó jẹ́ pé àìmọ̀ rẹ ló fi ń dùn, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, tí ìlù wọn bá tiẹ̀ jọ dáa bákan náà.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ ibi tí aburú ti ń mú nǹkan dùn.

Oríkì Ògún. "Ọjọ́ Ògún ń tòkè bọ̀, aṣọ iná ló mú bora, ẹ̀wù ẹ̀jẹ̀ ló wọ̀." Àti èyí tó wọ̀ mí lára jù: "Ó lómi nílé, fẹ̀jẹ̀ wẹ̀." Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe kó lè dáa fún ilé ìwé: ó lómi nílé, fomi wẹ̀. Ta ni ò ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rín lásán ló kù. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ yẹn jẹ́ ohun tá a máa fara dà nítorí ewì, ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ewì. Omi wà ńlé, kì í ṣe àìní ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, ó yàn án ni, ibẹ̀ ni ẹ̀rù yẹn ti wá, ẹni tó ń kì í ò sì bẹ̀bẹ̀ lórúkọ Ògún, kò sọ pé inú ló ń bí i.

Oríkì ọ̀hún ò sì fi òkú pa mọ́. Nínú oríkì ẹ̀, ó pa ọkọ sójú iná, ó pa aya sídìí ààrò. Wọ́n sọ ibi tí olúkúlùkù kú sí nínú ilé. Èèyàn ò lè yin Ògún nínú oríkì yẹn kó máà fojú kan àwọn tó pa. Ẹ wò ó, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba ti Hume.

Ọba Kò So náà ńkọ́, eré Dúró Ládiípọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní 1963, tí wọ́n sì gbé lọ sí Berlin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣàngó inú ẹ̀ kì í ṣe ọba rere. Ó ti Tìmì àti Gbọ́nkáà sí ara wọn kó lè rí wọn mú, nígbà tọ́rọ̀ dojú rú, inú bí i, ó pa àwọn èèyàn tiẹ̀ gan-an. Ládiípọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó lórí ìtàgé. Tí ẹ bá fi ọba jẹ́jẹ́ rọ́pò ẹ̀, tó ń pe ìpàdé àwọn ìjòyè, tó ń petù síjà, ẹ ti pa eré náà. Ṣùgbọ́n a rí àwọn tó kú, a rí Ọya tó fi í sílẹ̀ tó ń lọ, a sì ń gbọ́ táwọn olóòótọ́ ẹ̀ ń pariwo pé ọba ò so, nígbà tá a mọ̀ pé ó so. Àwọn olóòótọ́ yẹn ló ń dà mí láàmú ju Ṣàngó lọ.

Orin Yahoo ńkọ́? Ìyẹn náà ò burú ju Ògún lọ, àbí?

Ìbéèrè yìí ló máa ń wá jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn ẹ̀.

Yahooze ti Olu Maintain jáde ní 2007. Ẹni tó bá wà ní Èkó nígbà yẹn mọ̀ pé kò sí pátí tó lè sá fún un. Dọ́là ni, ìyípadà dọ́là sí náírà, Hummer, ìgbádùn. Ó rìn débi pé ní oṣù kẹwàá 2008, Colin Powell, ọ̀gágun àgbà tó ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà rí, gun ìtàgé Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jó o. Ẹ tún un kà. Ọkùnrin tó ti ṣojú fún orílẹ̀-èdè táwọn ọmọ Yahoo ń lù ní jìbìtì jù lọ, òun ló ń ju ọwọ́ sókè sí orin tó ń jẹ́ Yahooze. Títí dòní èèyàn ṣì ń jiyàn bóyá orin yẹn ń yìn wọ́n ni, àbí ó kàn ń sọ ohun tó ń lọ nígboro. Mi ò ní dá ẹjọ́ ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ sí i, orin náà ò kú. Ẹ yọ Yahoo kúrò, ẹ fi ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ tàbí ẹni tó gba kọ́ńtíráàtì rọ́pò ẹ̀, ìlù ò yẹ̀, ijó ò yẹ̀. Ohun tó ń dùn mọ́ èèyàn níbẹ̀ ni owó òjijì, ọjọ́ kan tí ìyà parí, ta ni kò fẹ́ ìyẹn? Torí náà ẹni tó ń jó o ò jó sí olè jíjà, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀ jàre.

Ìdánwò kejì ló mú un. Ta ni wọ́n fi pa mọ́? Ẹni tó ni dọ́là yẹn. Nínú oríkì Ògún a mọ ibi tí òkú sùn sí, nínú orin Yahoo owó kàn dé ni, bí ẹni pé òjò ló rọ̀ ọ́. Opó tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ ránṣẹ́ sí "olólùfẹ́" tí kò rí rí, kò sí nínú orin, tó bá sì yọjú síbẹ̀ ìṣẹ́jú kan, ijó á yí padà mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Àbùkù tí mo ń sọ nìyẹn. Kì í ṣe pé orin náà dẹ́ṣẹ̀, ó fẹ́lẹ́ ni. Ó ní ibi tí kò gbọ́dọ̀ wò.

Ẹ wá fi wé I Go Chop Your Dollar, èyí tí Nkem Owoh, Òsùófíà yẹn, kọ nínú fíìmù The Master ní 2005. Ohùn oníjìbìtì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkèdélẹ̀, tó ń fi mùgù ṣe yẹ̀yẹ́ lójúkojú, pé eré ni òun ń bá a ṣe. Lójú èèyàn, ó burú ju Yahooze lọ, kò fi nǹkan kan bò. Lójú tèmi, ìdí nìyẹn gan-an tó fi dáa jù ú lọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́: ẹni tí wọ́n jà lólè wà nínú orin, à ń rẹ́rìn-ín, a sì mọ ẹni tá à ń rín, ẹ̀rín yẹn sì ń há èèyàn lọ́fun díẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan sọ ọ́ di orin ìgbéraga wọn. Wọn ò gbọ́ ọ tán ni.

Fẹlá náà kọrin bú obìnrin. Ṣé ká má gbọ́ ọ mọ́?

Ẹ̀ ń sọ ti Lady nìyẹn, 1972. Orin yẹn ń fi obìnrin tó ní òun bá ọkùnrin dọ́gba ṣe ẹlẹ́yà, ó sì ń yin èyí tó ń se oúnjẹ, tó gbà pé ọkùnrin lọ̀gá. Ẹ gbọ́ ọ jàre, bí fèrè àti ìlù ṣe ń wọra wọn níbẹ̀, mi ò rí ẹni tó lè bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Carroll àti Gaut bá a mu wẹ́kú: apá tó jẹ́ àwàdà nínú orin náà ń bẹ̀ wá ká bá òun fi obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí ẹ̀rín ò wá mọ́. Ìlù ṣì ń jó, àwàdà ti kú. Mo mọ àwọn obìnrin tó ń jó o dáadáa tí wọ́n sì ń fèsì fún Fẹlá lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń jó, èyí sì lè jẹ́ ọ̀nà tó dáa jù láti gbọ́ ọ.

Orin Òkèbàdàn ńkọ́? Ìyẹn ti kọjá ààlà.

Ààlà wo? Ọ̀rọ̀ ìhòòhò àti ìwà ìkà kì í ṣe nǹkan kan náà, ibí yìí sì ni àwọn tó ń bínú sí orin ti máa ń ṣì í mú jù.

Ní Ìbàdàn, ní oṣù kẹta ọdún, lọ́jọ́ Òkèbàdàn, wọn ò gbọ́dọ̀ dáná nílé, ẹ̀kọ tútù ni wọ́n ń jẹ. Ìgboro á wá kún, wọ́n á máa dárúkọ nǹkan ọkùnrin àti nǹkan obìnrin ní gbangba, lórin, pẹ̀lú ìlù, àgbà ń kọ ọ́, ọmọdé ń kọ ọ́, wọ́n á sì fi bú ẹni tó bá ń kọjá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú. Abọkè ló ń bọ òkè fún ìlú. Ìtàn Lágelú, ẹni tó tẹ Ìbàdàn dó, ló wà nídìí ẹ̀: wọ́n pa ìlú àkọ́kọ́ rẹ́, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ sá gun orí òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ. Òun ló bọ́ sínú oríkì Ìbàdàn, ọmọ a-jòro-sùn, ọmọ a-jẹ̀gbín-yó, a-fìkarahun-fọ́rí-mu.

Ta ni wọ́n fi pa mọ́ nínú orin yẹn? Kò sẹ́ni tí wọ́n fi pa mọ́, gbogbo ohun tá a máa ń fi aṣọ bò lọ́jọ́ yòókù ni wọ́n tú síta. Ìlú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun wá ń pariwo ohun tí ọmọ fi ń wáyé, ẹ sọ fún mi ibi tí ìwà ìbàjẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àti ibi ló fún un láyè. Ẹni tó bá gbé orin kan náà lọ síbi ìsìnkú ní oṣù kẹsàn-án, aláìlójútì ni, orin náà ò sì ní dùn.

Bí ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ṣe rí nìyẹn lágbègbè Kétu àti Yewa. Lóru, ẹ̀fẹ̀ á jáde, á sì máa fi orin tú àṣírí ẹni tó hùwà ibi láàárín ọdún. Èébú ni, ó sì tún jẹ́ ọnà tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó wà lára ohun iyebíye aráyé.

Tó bá jẹ́ olórin gan-an ló burú, tí orin ẹ̀ ò burú ńkọ́?

Ó sinmi lórí bóyá ìwà ẹ̀ wọnú iṣẹ́ ẹ̀. Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì, pa Ranuccio Tomassoni ní Róòmù ní 1606, ó sá lọ. Àwọn àwòrán èso tó ti yà ṣáájú kò yí padà torí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ya Dáfídì tó gbé orí Gòláyátì lọ́wọ́, ojú ara ẹ̀ ló sì yà sí orí tí wọ́n bẹ́ yẹn. Ẹni tó mọ̀ pé apààyàn tó ń sá kiri ló ya ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwòrán náà á ga sí i lójú ẹ̀. Ìmọ̀ fi kún un.

R. Kelly, olórin Amẹ́ríkà, ni òdìkejì. Wọ́n dá a lẹ́bi ní New York ní 2021 torí bó ṣe ń bá àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé ṣèṣekúṣe, wọ́n sì fún un lẹ́wọ̀n ọgbọ̀n ọdún ní 2022. Ní 1994, òun ló kọ orin kan fún Aaliyah, ọmọbìnrin kan tó ń kọrin, pé ọjọ́ orí ò ju nọ́ńbà lásán lọ, ọmọ ọdún 15 ni Aaliyah, ọdún yẹn náà ló sì fi ìwé irọ́ gbé e níyàwó. Ìyẹn kì í ṣe orin ẹnì kan tó kàn níwà burúkú níbòmíì. Orin náà fúnra ẹ̀ ń bẹ̀ wá ká rò pé ọmọ náà ló ń sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ àgbà ọkùnrin ló fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bó o bá ṣe ń mọ̀ sí i ló ń kan sí i.

Àyìnlá Ọmọwúrà ńkọ́? Ìjà ilé ọtí ló pa á ní Abẹ́òkúta, 6 oṣù karùn-ún 1980. Ó ń jà láyé, ó ń jà lórin, kò díbọ́n rí pé wòlíì ni òun. Ẹ gbọ́ Àpàlà yín.

Fíìmù Hitler tí wọ́n ní ó rẹwà yẹn ńkọ́?

Triumph of the Will, tí Leni Riefenstahl yà níbi àpèjọ àwọn Násì ní Nuremberg ní oṣù kẹsàn-án 1934, tó jáde ní 1935. Bó ṣe gbé kámẹ́rà, bí ìkùukùu ṣe ń là tí bàálù Hitler ń bọ̀, àwọn tó ń kọ́ fíìmù ṣì ń wò ó títí dòní. Faransé fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní Párís ní 1937. Nígbà tógun parí, kóòtù ò rán an lẹ́wọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́ títí ó fi dolóògbé ní 2003, ẹni ọdún 101.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ jẹ́ ká wo ọnà ẹ̀ nìkan, ká gbójú kúrò lára ohun tó ń sọ. Kò ṣeé ṣe. Ohun tó rẹwà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó di ẹyọ kan ṣoṣo lábẹ́ ọkùnrin kan, ohun tó sì burú níbẹ̀ náà nìyẹn. Nípa ìdánwò àkọ́kọ́, epo ni, kì í ṣe egungun, ó sì jọ ti Ògún níbẹ̀. Ẹ wá ṣe ìdánwò kejì. Àgọ́ Dachau, níbi táwọn Násì ti ń fìyà jẹ àwọn tí wọ́n kó sí àhámọ́, ti ṣí láti oṣù kẹta 1933. Ní 1933 yẹn náà Riefenstahl ti kọ́kọ́ ya fíìmù àpèjọ kan, Ernst Röhm, ọ̀gá àwọn jàǹdùkú Násì, wà níbẹ̀, ó dúró gbàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hitler. Nígbà tó di àárín 1934 Hitler ní kí wọ́n pa Röhm, wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n run ẹ̀dà fíìmù àkọ́kọ́. Lóṣù méjì péré sígbà yẹn ni wọ́n tún ya tuntun, ó mọ́ tónítóní, kò sí òkú níbì kankan. Ẹni tó ń ki Ògún kò jẹ́ ṣe irú ẹ̀ láé.

Àwọn olórin tó ń ki olówó tá ò mọ ibi tówó ẹ̀ ti wá ńkọ́?

Ohùn lè dáa, ìlù lè dáa. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i dáadáa: oríkì ìdílé máa ń ní ìtàn nínú, ìtìjú tiẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, ẹni tó jagun sá, ẹni tó jẹ gbèsè. Orin olówó òjijì, orúkọ, orúkọ ìyàwó, orúkọ ọkọ̀, ó tán.

Ṣé kí ìjọba máa fòfin dè é?

Ìjọba ò mọ ìyàtọ̀ láàárín kéèyàn fi nǹkan hàn àti kó yìn ín. Ní 2018, NBC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní kí Jay FM ní Jọ́ọ̀sì san 100,000 náírà torí pé wọ́n lu This Is Nigeria ti Falz, orin tó jẹ́ pé ṣe ló ń tú ìwà ìbàjẹ́ ìlú síta. Ní oṣù karùn-ún 2024, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò kéde òfin tuntun lórí fíìmù tó ń ṣe oògùn owó àti sìgá mímu lógo. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n, àwọn fíìmù oògùn owó kan wà tó jẹ́ pé wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe fàájì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ̀san. Ẹni tí wọ́n pa ṣe oògùn kì í tiẹ̀ lórúkọ nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n òfin ò lè fún un lórúkọ, òǹkọ̀wé ló máa ṣe é.

Ọmọ mi ń jó Soapy, orin Naira Marley tí ijó ẹ̀ ò yẹ ọmọdé yẹn. Kí n ṣe báwo?

Ẹ pa orin náà. Bó ṣe dùn tó àti ohun tó yẹ ọmọdé, ìbéèrè méjì ni.

Kí ló dé tí orin tó ń kọ́ni níwà rere kì í fi í dùn tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti Yahoo yìí náà, wọ́n fẹ́ fi orin dá orin lóhùn, wọ́n ṣe Maga No Need Pay, Banky W, M.I., Omawumi, àwọn tó mọṣẹ́ gidi. Ọ̀rọ̀ dáa, ohùn dáa. Ta ló ń jó o lónìí? Ohun tó ṣe é ò yàtọ̀ sí ohun tó ṣe orin Yahoo, òun náà fi nǹkan pa mọ́. Orin Yahoo fi ẹni tí wọ́n jà lólè pa mọ́, orin ìwàásù fi ìdí tí ọmọkùnrin kan tó ti parí yunifásítì fi jókòó síwájú lápútọ́ọ̀pù lóru pa mọ́: owó ilé tó ti kọjá ọjọ́, ọ̀rẹ́ tó ra mọ́tò, adùn yẹn gan-an. Ṣe ló kàn ní kò yẹ. Ọmọ náà sì mọ̀ pé kò yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orin tó máa lé Yahooze kúrò lójú agbo, àfi kó kọ́kọ́ jẹ́ ká rí Hummer yẹn bó ṣe ń dán, kó jẹ́ kó wù wá, kó tó wá jẹ́ ká rí ẹni tó sanwó ẹ̀.